Ọ̀nà Tó Lọ Sí Èbúté Ibiama

Àwọn tó bá wọ Ibiama lónìí, tí wọ́n rí ọ̀dà títì àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́tùn-ún lósì, kì í fẹ́ gbà bí Àtọ́kẹ́ bá sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ lásán nínú ẹrẹ̀ ni òun fi kọ́kọ́ mọ ìlú náà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní Màmá Tíṣà ti tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ká yẹ̀rì sókè dé orúnkún, ó sì ń fi inú bú àwọn tó pín in sí irú ibẹ̀.

Ọdún 1999 ni ìjọba gbé Ọládiméjì, ọkọ rẹ̀, láti Ìdí-Ìrókò lọ sí Pọ́tàkọ́ọ̀tù. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni, èbúté Onne ni wọ́n ní kó ti máa ṣiṣẹ́. Ó kó Àtọ́kẹ́ àti Ẹ̀ríolúwa, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wọ́n sì gba yàrá méjì ní Trans-Amadi, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Ọmọ Ẹ̀rúwà ni Àtọ́kẹ́. Oko ni wọ́n ti tọ́ ọ, erùpẹ̀ ló mọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ láti kékeré. Ní Trans-Amadi, kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá tọ̀sán tòru, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò kì í sì í sinmi. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ: bí ọ̀rọ̀ òun àti ìlú náà ṣe rí nìyẹn fún odindi ọdún kan. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ọkọ rẹ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé, á bá a lójú fèrèsé, á ní, "Àtọ́kẹ́, kí lo ń wò?" Á ní òun ò wo nǹkan kan. Òótọ́ náà sì ni, nítorí ògiri ilé kejì ló wà níbẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ló ní, nítorí náà ó wáṣẹ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní Ibiama, lẹ́yìn Amadi-Ama, ni wọ́n fún un. Àwọn olùkọ́ mìíràn ti kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ jìn, wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí òjò bá rọ̀, ọ̀nà ti di odò. Àtọ́kẹ́ ò ní ohun tó máa fi kọ̀.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé náà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín oko pákí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì parí sí èbúté. Àtọ́kẹ́ ń tọ̀ ọ́ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, nítorí wọ́n ní àwọn ọmọ kan ń ti òdìkejì omi bọ̀, kí ó lọ wò wọ́n. Nígbà tó yọ sí ìsàlẹ̀, ó dúró. Omi ló tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Àwọn igi ẹ̀gbà dúró lórí gbòǹgbò wọn nínú ẹrẹ̀, bí àgbàlagbà tó ká ṣòkòtò sókè tó fẹ́ la odò kọjá. Àwọn ọmọdé ń wa ọkọ̀ bọ̀, wọ́n wọ aṣọ ilé ìwé, wọ́n gbé àpò ìwé sórí kí omi má baà kàn án, èyí tó kéré jù nínú wọn ló di àjẹ̀ mú. Òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ń bọ̀ láti ibì kan. Nígbà tó délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sọ fún Ọládiméjì pé àfi bíi pé ẹnì kan tú okùn lẹ́sẹ̀ òun.

Igi agbálùmọ̀ ńlá kan wà níwájú kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí èso rẹ̀ pọ́n, ó wá ọ̀pá gígùn kan, ó fẹ́ já díẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ọmọbìnrin kékeré kan di ọ̀pá náà mú láti ẹ̀yìn.

"Áńtí, no pluck am," ni ọmọ náà wí. "E go fall."

Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, ẹnikẹ́ni kì í já údárà, bí wọ́n ti ń pe agbálùmọ̀, lórí igi. Ó máa ń já fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ he é ló ni ín, ì báà ṣe ọmọ ìjòyè, ì báà ṣe ọmọ àlejò. Àtọ́kẹ́ gbé ọ̀pá náà jù sílẹ̀. Sotonye ni ọmọ yẹn ń jẹ́. Ọmọ-ọmọ Dagogo ni, apẹja tó jẹ́ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ láti ilé ìwé dé etí omi.

Papa Dagogo ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọkùnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọdún 2002 ló ránṣẹ́ pe Àtọ́kẹ́ àti ọkọ rẹ̀. Wọ́n bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, kò sì gbé àwọ̀n náà sílẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, mo ti ń wò ẹ́," ó wí. "Tí agogo bá lù, o kì í sáré lọ. O mọ orúkọ gbogbo ọmọ wa. Ẹni tó bá mọ orúkọ ọmọ ẹni, ó yẹ kó ní ibi tó máa sùn sí." Ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀ kan lápá ìsàlẹ̀. "Ẹ ra ibẹ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èbúté ló là á sí méjì. Ẹ má ṣe dí i. Àwọn obìnrin wa ń gbẹ́rù gòkè láti inú omi, wọn ò lè máa rìn yí fẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni ká."

Ọládiméjì ní kò sí ẹni tó máa dí i. Ó na ọwọ́, bàbá náà sì fi ọwọ́ tó kún fún òwú àwọ̀n gbà á.

Wọ́n kọ́ ilé wọn sí apá òkè ọ̀nà náà, ilé kékeré oníyàrá mẹ́ta. Apá ìsàlẹ̀ ni Àtọ́kẹ́ ń dáko sí: pákí, tẹ̀tẹ̀, ewúro, àti ata. Àárín oko àti ilé ni gbogbo ìlú ń gbà kọjá. Ọládiméjì kan bẹ́ǹṣì pákó kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sì pẹ́ tí àwọn obìnrin fi sọ ọ́ di ibi ìsọ̀kalẹ̀ ẹrù. Wọ́n á ti inú ẹrẹ̀ bọ̀, apẹ̀rẹ̀ ìṣáwùrú lórí, omi á máa kán sí wọn léjìká, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á mí, wọ́n á bu díẹ̀ sínú abọ́ Àtọ́kẹ́. Òun náà á já tẹ̀tẹ̀ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń díwọ̀n. Nígbà tí omi bá fà lọ́sàn-án Sátidé, ó máa ń bá wọn lọ ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa fi í ṣẹ̀rín, ọkọ rẹ̀ á dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á ní òun ò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀.

Ọdún dáadáa ni àwọn ọdún yẹn. Ẹ̀ríolúwa mọ̀wẹ̀ kó tó mọ ìṣirò. Ó ń bá àwọn ọmọ Ibiama sọ èdè wọn, ó ń bá gbogbo ayé sọ Pidgin, èdè Yorùbá wá dà bí aṣọ àlejò lẹ́nu rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń lọ sí Ẹ̀rúwà nìkan ló máa ń gbé e wọ̀. Ìyá àgbà á pè lórí fóònù, ọmọ á dáhùn, ìyá àgbà á ní, "Àtọ́kẹ́, kí ni ọmọ yìí ń sọ fún mi?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Bí Àtọ́kẹ́ bá ń rántí nísinsìnyí, ẹ̀rín yẹn ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́, kó tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni.

Ìlú tó bá ń fẹ̀ kì í lu agogo. Woji, àdúgbò tó wà nítòsí, ló kọ́kọ́ kún, tí ilé fara kan ilé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dà dé ẹnu ọ̀nà Ibiama, inú gbogbo wọn sì dùn, Àtọ́kẹ́ náà wà lára àwọn tó jó. Ọ̀dà ló gbé àwọn awọnlẹ̀ wá, àwọn awọnlẹ̀ ló gbé katapílà wá. Ẹ̀rọ kan dúró sójú omi, ó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń rọ yanrìn náà sórí ẹrẹ̀, wọ́n ń gé igi ẹ̀gbà lulẹ̀, wọ́n ń kọ́lé lé e. Papa Dagogo ta ilẹ̀ díẹ̀, ó tún ta díẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó ń rán nílé ìwé, ẹja ò sì pọ̀ mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Fẹ́ǹsì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí omi òjò ti máa ń sùn sí di ilé, omi náà sì ń wá ibòmíràn sùn, ó ń wọ yàrá àwọn èèyàn.

Ọdún 2011 ni Ọládiméjì kú. Àìsàn tí kò pẹ́ ni. Wọ́n gbé e lọ sin sí ìlú rẹ̀, àwọn ẹbí sì ní kí Àtọ́kẹ́ máa bọ̀ nílé, kí ló tún ń wá láàárín àwọn ará odò? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó wọ ọkọ̀, ó padà. Nígbà tó délé, àwọn obìnrin èbúté ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tí bẹ́ǹṣì ò gbà jókòó sílẹ̀. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, èyí àgbà nínú wọn sì fọ abọ́ tó wà nínú bàsíà kó tó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ lẹ́nu Àtọ́kẹ́ pé òun fẹ́ kó lọ síbòmíràn.

Sotonye ti dàgbà nígbà náà. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nípa bí a ti ń ṣètò ìlú, ibi tó yẹ kí ilé wà àti ibi tí kò yẹ, ó sì ríṣẹ́ sínú ìgboro. Àtọ́kẹ́ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ọmọ náà wá bá a lọ́dún 2018. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà ń bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Gbogbo ìsàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́: oko tó kù, igi ẹ̀gbà tó kù, àti èbúté. Wọ́n máa fi fẹ́ǹsì yí i ká, wọ́n á sì fi géètì sí i.

"Ẹni tó fẹ́ lọ sódò ńkọ́?" Àtọ́kẹ́ béèrè.

"Áńtí, wọ́n ní ojú omi ló máa jẹ́ kí ilé náà tà. Ta ni wọ́n tún máa jẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá?"

Sotonye pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Èèyàn kún un dé ojú fèrèsé. Ó ní òun ò wí pé kí ìlú má dàgbà, ìlú tí kò dàgbà á kú. Ohun tí òun fẹ́ ni kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ibi tí ilé máa wà àti ibi tí kò ní sí, kí àlejò tó wá sọ ọ́ fún wọn. Ó ní bí ìlú bá fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n ya ilẹ̀ wọn sínú àwòrán, tí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. "Nítorí akàn, ká wá máa jìyà?" ó wí. "Àwọn ará Woji ta tiwọn, wọ́n ń gun mọ́tò. Ẹ̀yin ní ká jókòó ti ẹrẹ̀."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni Papa Dagogo fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó ti di arúgbó.

"Sotonye," ó wí, "ilẹ̀ tí mo tà ni mo fi rán ọ lọ kọ́ pé kò yẹ ká ta ilẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Sotonye tẹ orí ba.

"Òótọ́ ni, Papa," ni ọmọ náà wí. "Mi ò gbàgbé. Mi ò sì bá yín wí. Ohun tí ẹ rán mi lọ kọ́ ni mo gbé wá fún yín yìí. Tí ẹ bá ní kí n gbé e padà, màá gbé e padà."

"Jẹ́ ká rin ilẹ̀ náà ná," bàbá náà wí, ó sì jókòó.

Wọ́n rìn ín. Sátidé kan, lẹ́yìn òjò, gbogbo ẹni tó lè rìn jáde, láti ẹnu ọ̀dà dé etí omi. Sotonye mú bébà ńlá lọ́wọ́, ó ń béèrè, ó sì ń yà á. Àwọn ọkùnrin fi ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀ hàn án. Àwọn ọmọdé fi ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù hàn án, wọ́n sì ń jà lórí ibi tó parí sí. Àwọn onílé tuntun pàápàá jáde, wọ́n fi ibi tí omi ń gbà wọlé sí wọn hàn án, ọ̀kan nínú wọn sì ní ká ní òun mọ̀ pé omi ló ni ibẹ̀ ni, òun ì bá má rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sọ̀rọ̀ akàn yẹn sún mọ́ ògiri rẹ̀ láti wo ipa omi nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀nà èbúté, Sotonye ní báwo ló ṣe yẹ kó fẹ̀ tó. Ìyàwó Papa Dagogo ló fèsì. Ó ní kó fẹ̀ tó kí obìnrin méjì tó gbẹ́rù lè pàdé kí ẹnikẹ́ni má yà fún ẹnìkejì. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn náà ni Sotonye wá wọ̀n ọ́n.

Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò ṣòro láti lóye. Lókè, létí ọ̀dà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà púpọ̀, kó kọ́ ọ, kí ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Láàárín ìlú, ilé ò gbọdọ̀ ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, kí erùpẹ̀ tó lè mu omi sì wà yí i ká. Nísàlẹ̀, oko, igi ẹ̀gbà, pápá àti èbúté: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀.

Sotonye wá sílé Àtọ́kẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò jókòó.

"Áńtí, ìlà tí a fà sínú àwòrán náà gba orí ilẹ̀ yín. Oko yín bọ́ sí ìsàlẹ̀."

"Mo rí i."

"Ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú. Kò sẹ́ni tó lè fi dandan mú yín. Tí ẹ bá ní kí n yí ìlà náà, màá yí i."

Ọmọ náà fi inú rere sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ìlà kọ́ ló dun Àtọ́kẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ni: Ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú. Ó ti kọ́ ìdajì ìlú ní á-bí-dí. Ó ní kí Sotonye fún òun láyè díẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn ni Ẹ̀ríolúwa dé láti Abuja, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé àwòrán ilé kan wá, ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n máa kọ́ sórí apá ilẹ̀ méjèèjì. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ò sí nínú àwòrán náà.

"Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé níbí," ó wí. "Ilé yìí ló máa bọ́ yín lọ́jọ́ ogbó. Dádì ló ra ilẹ̀ yìí."

"Bàbá rẹ náà ló ṣèlérí pé a ò ní dí ọ̀nà."

"Àwọn tó gba ìlérí yẹn ti ta ilẹ̀ tiwọn tán. Wọ́n ta tiwọn tán, ni wọ́n wá ń ṣọ́ tiyín. Ẹ̀yin ò rí i?"

Àtọ́kẹ́ rí i. Ọ̀rọ̀ náà jóòótọ́. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí èbúté. Omi ti fà, àwọn ọmọdé ń sáré lórí ẹrẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ náà ti sáré rí. Ẹ̀ríolúwa wò wọ́n pẹ́.

"Mo rántí, Mọ́mì," ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ni mo rántí. But ìrántí kọ́ la máa jẹ."

"Mi ò ní ká jẹ ẹ́. Bàbá rẹ bá èèyàn sọ̀rọ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ti kú. Papa Dagogo náà ò ní pẹ́ kú. Tí èmi bá tún yẹ̀ ẹ́, kí ló kù nínú ọ̀rọ̀ yẹn?"

Ẹ̀ríolúwa wọ ọkọ̀ padà sí Abuja lọ́jọ́ kejì láìjẹun àárọ̀, kò sì pe ìyá rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àtọ́kẹ́ á gbé fóònù, á tún gbé e sílẹ̀. Bí ọmọ bá bínú, ìyá kì í lè sùn. Ohun tó rí nìyẹn.

Nígbà tí ìlú tún pàdé láti fọwọ́ sí ètò náà, Àtọ́kẹ́ dìde. Ó ti ro ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sókè sódò, kò sì fẹ́ kó dà nù.

"Mo gbà pé kí ilẹ̀ mi tó wà nísàlẹ̀ jẹ́ oko títí láé," ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ló nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹbí Papa Dagogo ṣì ní apá kan tó kọjú sí tèmi. Kí wọ́n fi tiwọn sí i. Mi ò ní máa dá pa òfin mọ́ nínú ìlú tí àwọn onílẹ̀ ń tà. Ohun kan sì kù. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìlú, ẹ má tún pè é ní àlejò nínú ìpàdé ìlú."

Ariwo díẹ̀ sọ láàárín àwọn ọmọ Dagogo. Bàbá náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó wo Àtọ́kẹ́ títí, bó ti wò ó nígbà tó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Tíṣà, you try," ó wí. Ó yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ fi tiwa sí i."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ìlú fọwọ́ sí i, Sotonye sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ilé iṣẹ́ tó ń kọ́lé náà gbéra lọ sókè, létí ọ̀dà, ibẹ̀ ló kọ́ ilé rẹ̀ sí, ilé náà sì tà. Papa Dagogo kú lọ́dún 2020. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó fẹ́ ọmọ ìjòyè fi bíríkì gba díẹ̀ lára ọ̀nà èbúté. Àwọn obìnrin ò bá a jà. Wọ́n gbẹ́rù wọn láti inú omi, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu géètì rẹ̀, wọ́n jókòó. Ọkọ̀ rẹ̀ ò lè jáde. Àtọ́kẹ́ gbé omi lọ fún wọn. Nígbà tó yá, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló bẹ àwọn bíríkìlà kí wọ́n wá wó o. Kì í ṣe gbogbo ìjà ni wọ́n jẹ báyìí. Igi ẹ̀gbà tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn ti lọ kí wọ́n tó ṣe ètò yẹn, kò sì ní padà. Ilé kan wà láàárín ìlú tó ga ju bí wọ́n ti sọ lọ, ìjòyè kan ló ni ín, títí dòní wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí. Eérú dúdú láti ibi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì sì ń bà lé gbogbo aṣọ tí wọ́n bá sá síta, ètò ilẹ̀ ò rí ìyẹn ṣe.

Ẹ̀ríolúwa padà wá lọ́dún 2022, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Dúpẹ́olúwa àti ọmọ wọn. Kò tọrọ àforíjì, ìyá rẹ̀ náà ò béèrè. Ó rìn yí ilé ká, ó ní òun fẹ́ fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lé ilé náà, kí àyè lè gba gbogbo wọn tí wọ́n bá wá.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Mo ti bá Sotonye sọ̀rọ̀." Ó fi ọwọ́ kan ògiri ilé náà. "Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ jàre o."

"Èmi náà ò ní kí o sọ bẹ́ẹ̀," Àtọ́kẹ́ wí, ó sì lọ bu oúnjẹ fún un.

Wọ́n ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà tán nísinsìnyí. Láti òkè rẹ̀, Àtọ́kẹ́ ń rí omi, ó sì ń rí àwọn òrùlé tó yí i ká ní ìhà mẹ́ta. Kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tó kù kò tó ohun tó lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà wá sílé ìwé ò wọ́pọ̀ mọ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi sí ọkọ̀ tó pọ̀ jù, àwọn tó ń ṣa ìṣáwùrú sì ti dàgbà, àwọn ọmọ wọn ò fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí á jókòó lọ́sàn-án, tí á máa ka orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́kàn, láti orí àga iwájú dé ti ẹ̀yìn, tí á sì máa ro ibi tí kálukú wọn wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Sotonye tún pè é. Ẹnì kan fẹ́ gbé ilé ìtajà kékeré kalẹ̀ sí etí pápá tí àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ní kò lè ni ẹnikẹ́ni lára. Ìpàdé máa wà lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ máa wá, Áńtí?"

"Ìgbà wo ni mi ò wá?" Àtọ́kẹ́ dá a lóhùn, ó sì béèrè irú ilé ìtajà wo ni, ta ló ni ín, àti ta ni wọ́n ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀.